Ọwọ́ Ọ̀tún Tó Ń Nàka Sósì

Ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi kò mọ iná mọ́. Bí ọbẹ̀ bá hó nílé wa, èmi ni mo máa ń gbé ìkòkò sọ̀ láìwá àkísà, àwọn àlejò á sì máa wò mí bí ẹni tó lóògùn. Kò sí oògùn kankan. Áyọ̀ọ̀nù tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì ni mo dì mú títí àwọn ìka náà fi gbà fún un. Ojú mi náà gbà tẹ̀lé wọn. Ní báyìí mo ti pa iṣẹ́ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n tì, mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ní Mabera, nílùú Sókótó, mò ń bá àwọn oníkẹ̀kẹ́ jà nítorí eruku.

Ibẹ̀ ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti máa ń bá mi, pàápàá ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ tí wọ́n kó ránṣẹ́ sí wa láti ilẹ̀ Yorùbá. "Bàbá, ṣé kí n kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni àbí kí n máa wá iṣẹ́ ìjọba?" Àkọ́kọ́, èmi kì í ṣe bàbá yín, irun mi ló sáré ṣáájú mi. Ìkejì, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni bí tèmi ṣe lọ. Màá sọ ọ́, ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó bóyá ó bá yín lára mu.

Ìlú Sókótó ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Ó ní òun ò ní pẹ́ níbí, àwa ọmọ ló dá a dúró, bó ṣe máa ń sọ títí dòní nìyẹn. Mo kàwé dé ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, mo gba ìwé ẹ̀rí nípa iṣẹ́ iná, mo gbé e kiri ọ́fíìsì títí etí rẹ̀ fi ká. Níkẹyìn bàbá mi mú mi lọ sí Gawon Nama, sí ṣọ́ọ̀bù Alfa Jímọ̀ ará Ìlọrin. Ohun tí wọ́n san àti àdéhùn tí wọ́n ṣe, ẹ jẹ́ ká fò ó. Kò dùn nígbà náà, kò sì tíì dùn.

Alfa Jímọ̀ ni mò ń pè ní Ọ̀gá. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa lò fún un nínú ìtàn yìí, kì í ṣe "ó". Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ pé "wọ́n gbá mi létí", ẹ̀yin á rò pé ìlú ló dìde sí mi. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Kó forí jì mí.

Ọ̀gá ga, ó gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun nígbà tí orí rẹ̀ ṣì dúdú. Láàárọ̀ ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, nírọ̀lẹ́ ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú. Ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣe méjèèjì: bí o bá ṣì í, wàá tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, o kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n láìjẹ́ pé o kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín pé kí ló ń wò nígbà tó kú. O kò gbọdọ̀ fẹnu fẹ́ eruku lára bọ́ọ̀dù, nítorí itọ́. O kò gbọdọ̀ sọ fún oníbàárà pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́. "A ṣì ń bá a sọ̀rọ̀" ni wàá wí, kódà bí èéfín bá ń jáde.

Òfin tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti ọwọ́. Ọ̀gá kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì. Kì í bínú, kì í sọ̀rọ̀, á kàn na ọwọ́ tirẹ̀, kò ní pa á dé. Bí o bá rò pé ó ti dì í mú, tí o sì fi í sílẹ̀, ilẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Sukudíráfà bọ́. Ife omi bọ́. Lọ́jọ́ kan, ojú iná kékeré tó ń ka sídì, ẹlẹgẹ́, tuntun, tí a dúró dè láti Kánò, ni mo fi òsì nà sí i, nítorí pé áyọ̀ọ̀nù gbígbóná wà lọ́tùn-ún mi. Ó bọ́, ó fọ́.

"Ta ló fọ́ ọ?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Kì í ṣe ìwọ. Ọwọ́ ẹ ni. Bá a sọ̀rọ̀."

Ó dúró tì mí títí mo fi bá ọwọ́ òsì mi wí, sókè ketekete, lójú àwọn oníbàárà. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìwàásù mi wọ òun lára.

Àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ wọṣẹ́ láwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn ń gba ìyọ̀ǹda níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wọn á pe àwọn alfa, wọ́n á ṣàdúà, wọ́n á pín mínírà àti máṣà, ọmọ iṣẹ́ á di ọ̀gá. Èmi náà béèrè tèmi. Ọ̀gá ní, "Ó ku ẹyọ kan." Ẹyọ kan wo? Kò sọ. Mo mọ rédíò tún ṣe, mo mọ fídíò tún ṣe, mo mọ tẹlifíṣọ̀n tún ṣe dé ibi tí mo ti ń fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ku ẹyọ kan. Mo fẹ́yàwó, mo bímọ, èmi àti Ọ̀gá jọ ń pín iṣẹ́ bí ọmọ ìyá. Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tó yá mi ò béèrè mọ́. Mo gbà pé ẹyọ kan náà lè jẹ́ Ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Irinṣẹ́ ń yí lọ́wọ́ wa ní gbogbo àsìkò yẹn. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó tóbi bíi bíríkì kú, sídì dé. Lẹ́yìn sídì, dífídì dé. Bọ́ọ̀dù tí a máa ń tú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ di áísíì, ẹ̀rún dúdú kan ṣoṣo tí kò ní ojú, kò ní ẹnu. Fóònù alágbèéká dé bá wa níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ní tábìlì àti agboòrùn ní Gawon Nama di oní-fóònù. Ọ̀gá ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Àwọn èèyàn yìí ń ta ohun tí wọn ò lè ṣí."

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀.

Alhaji Garba ló ni ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Oníṣòwò ni, ọmọ Sókótó pọ́ńbélé, kì í gbé ohùn sókè. Ó lọ sí Ṣáínà, ó kó ẹ̀rọ dífídì wálé, páálí lórí páálí. Wọ́n ṣí wọn, wọ́n tan wọ́n, wọ́n sì rí i pé èdè Ṣáínà ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó dà bí ìgbà tí ẹyẹ rìn kọjá lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù. Kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀ tó yí i padà sí èdè mìíràn. Èdè mìíràn kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó ń tà á lọ́jà kó o padà fún un.

Alhaji wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa. Hausa ni gbogbo wa jọ ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni màá fi kọ ọ́ fún yín.

"Malam Jimo, àwọn oní-fóònù ń bẹ̀ mí fún ṣọ́ọ̀bù yìí. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù."

Ọ̀gá ní, "Ọlọ́run á fún wọn ní sùúrù náà."

"Àmín. Bí ẹ bá lè sọ àwọn ẹ̀rọ yìí di ohun tí ará ilé wa lè lò, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má bínú sí mi."

"Ta ló máa sọ pé ó ṣeé lò?"

"Inna."

Inna ni ìyá rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Arúgbó tó ń ka kéú bí omi, tí kò wọ bókò, ilé-ìwé òyìnbó, rí, tí kò sì fẹ́ kí ọmọ kankan wá máa tẹ nǹkan fún òun nínú yàrá òun. Alhaji ní bí Inna bá lè lò ó láìpe ẹnikẹ́ni, gbogbo Sókótó á lè lò ó. Ó dìde, ó kí wa pé ó dìgbà, ó lọ. Ọ̀gá wo òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà fún ìgbà díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ti hu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé inú ẹ̀rọ náà bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó mi, tí kì í gbọ́ mi títí dópin. Áísíì kékeré kan wà nínú rẹ̀, kò tó èékánná àtàǹpàkò. Òun ló ń tọ́jú ohun tó ń yọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Inú rẹ̀ dà bí ilé tí wọ́n pín sí yàrá kéékèèké. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn, àmì kan ṣoṣo lè jẹ́ odindi ọ̀rọ̀. Nítorí náà yàrá méjì péré ni wọ́n fún àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Méjì fún "dúró", méjì fún "lọ síwájú", méjì fún "padà síbẹ̀rẹ̀". Ohun tó bá wọ yàrá kan, lẹ́tà kan ni. Ogiri ti gbá wa mú. Bí a bá fi agídí fẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á ṣú lójú, kò ní tan mọ́. A ti pa ọ̀kan báyẹn kí a tó gbà.

Hausa kò ṣeé kó sí yàrá méjì. "Kashe" ni wọ́n ń pe kéèyàn pa nǹkan, "ƙara" ni wọ́n ń pe kéèyàn fi kún un. Gé méjèèjì sí lẹ́tà méjì-méjì, KA àti KA ló kù. Ẹni tó fẹ́ kí ohùn oníwàásí inú sídì lọ sókè á pa oníwàásí.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

"Kàmọ́rù! Yorùbá ì bá wọlé o! Lọ. Bọ̀. Pa. Ṣí. Fò. Lẹ́tà méjì-méjì! Àwa àti àwọn ará Ṣáínà ì bá jọ gbé yàrá yìí láìjà."

"Ọ̀gá, àmì ohùn ńkọ́?"

"Àmì ohùn á sùn síta."

Ṣùgbọ́n Inna kì í ṣe ará Ìlọrin. A pinnu pé àwòrán la máa yà. Mo ní ká ya ọfà, bó ṣe wà lára rédíò alákásẹ́ẹ̀tì.

Ó wò mí. "Ọfà? Ta lo fẹ́ ta lọ́fà?"

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Bí o bá sọnù lọ́jà, tí o ní kí wọ́n júwe ọ̀nà fún ẹ, ṣé ọfà ni wọ́n máa ń yọ? Ọwọ́ ni. Ọwọ́ la máa yà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín in. Òun á ya àwòrán sórí ìwé onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò. Èmi á sọ ọ́ di àmì dúdú àti funfun nínú kọ̀ǹpútà mi, kọ̀ǹpútà tó ń mí bí àgbàlagbà tó gun òkè, kí n tó kọ ọ́ sínú áísíì. Yàrá méjì fún àwòrán kan, bó ti wù kó rí. Ìgbà àkọ́kọ́, àtẹ́lẹwọ́ tó yà dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó fà á ya. Ìkejì jọ igi. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó jọ ọwọ́, nítorí bí o bá fi àmì kan péré kún àtàǹpàkò, ó wú bí ẹni tí oyin ta.

Níkẹyìn a ní mẹ́ta. Àtẹ́lẹwọ́ tó là gbalaja: dúró. Ilé kékeré kan: padà síbẹ̀rẹ̀. Èyí tó wu Ọ̀gá jù ni ìkẹta. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè níwájú ojú, ó pa ìka mẹ́ta dé, ó na ọ̀kan, àtàǹpàkò dúró lókè, ó ń wò ó, ó ń yà á. Ọwọ́ tó ń nàka sí ọ̀tún: lọ síwájú. Kò sí àyè fún "padà sẹ́yìn díẹ̀". Ẹni tó bá fò kọjá ibi tó ń wá, kó padà sílé, kó tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀.

Mo kọ wọ́n sínú áísíì. A tan ẹ̀rọ. Ọwọ́ náà yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó mọ́, ó gún, ó lẹ́wà. Ọ̀gá wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó jọ èèyàn."

A gbé e lọ sí ilé Inna ní Runjin Sambo lórí achaba, Ọ̀gá lẹ́yìn ọlọ́kadà, ẹ̀rọ lẹ́yìn Ọ̀gá, èmi lẹ́yìn ẹ̀rọ. Inna jókòó lórí ẹní, sídì wáàsí rẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ó kí wa, ó bi wá nípa ilé, nípa ọmọ, nípa àárẹ̀ ara, nípa bàbá mi tí kò tíì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Malam Jimo, wọ́n ní o ti kọ́ àwọn ará Ṣáínà lédè."

"A gbìyànjú, Inna."

Ọ̀gá ṣàlàyé àwọn àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní bọ́tìnnì òsì àti ti ọ̀tún lórí rìmóòtù ló ń gbéni lọ sílé tàbí síwájú, kò sọ èwo ni èwo, ó gbé rìmóòtù fún un, ó sún sẹ́yìn. Alhaji dúró lẹ́nu ọ̀nà. Oníwàásí yọ, ó fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀, ó kí Ànábì, ó kí àwọn tó wà níbẹ̀. Inna fẹ́ lọ sí wáàsí tó tẹ̀ lé e. Ó wo rìmóòtù, kò ṣiyè méjì, ó tẹ bọ́tìnnì òsì. Ẹ̀rọ gbé e lọ sílé. Oníwàásí fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀, ó kí Ànábì, ó kí àwọn tó wà níbẹ̀.

Inna tún tẹ òsì. Oníwàásí tún kí wa.

Nígbà tó kí wa lẹ́ẹ̀kan sí i, Inna ní, "Ọkùnrin yìí mọ èèyàn-án kí o. Ṣé kò wá bá wa sọ nǹkan míì ni?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá fi igunpá gbún mi. Àdéhùn ni pé a kò ní ràn án lọ́wọ́. Inna wá fa ara rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó di awò ojú rẹ̀ mú, ó wo ọwọ́ tó wà níbẹ̀. Ó wò ó. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, ó fi wọ́n wé ti inú ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Wa yake miƙo mini hagu?"

Ta ló ń na òsì sí mi? Ohun tó sọ nìyẹn, ohùn rẹ̀ kò sì ga. Ó gbé rìmóòtù kalẹ̀ lórí ẹní, ó fi ìka kan tì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Alhaji ń wo fáànù. Ọ̀gá mi, tí kò gba sukudíráfà lọ́wọ́ òsì rí, ti fi òsì ránṣẹ́ sí ìyá onílé rẹ̀, ó sì ti múra láti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú.

Alhaji sìn wá jáde. "Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí bíi tiwa," ló kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ tún wá. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló kù. Mo ti ní kí àwọn oní-fóònù wá wo ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Èmi àti Ọ̀gá gun achaba padà. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbálẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí mi ò rí rí. Ó jókòó, ó fa ìwé onígun mẹ́rin sún mọ́ra, ó mú pẹ́ńsùlù láti tún ọwọ́ náà yà. Pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì gbéra fúnra rẹ̀, ó gòkè wá síwájú ojú rẹ̀, ó pa ìka mẹ́ta dé, ó na ọ̀kan, ó dúró kí wọ́n máa ya òun.

Mo ní, "Ọ̀gá."

Ó ní, "Mo ti rí i."

Àwa méjèèjì ń wo ọwọ́ òsì náà. Ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́; ọwọ́ wo ló tún kù tí ì bá jókòó fún àwòrán? Ó wù mí kí n sọ ọ́. Ó wù mí púpọ̀. Kì í ṣe yín, Ọ̀gá. Ọwọ́ yín ni. Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Mo gbé e mì, ó sì ṣì wà níkùn mi dòní.

Ìyẹn yanjú ìdajì. Ìdí tí Inna fi ń tẹ òsì kò tíì yé wa. A rò pé bóyá ojú ni, bóyá àrùn iṣan ni. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ́gàríbì, Ọ̀gá lọ kírun, ó sì lọ bá àwọn ọmọ kéú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà, wàláà, pátákó kéú ọmọ kan, lábẹ́ apá rẹ̀, tàdáwà tí wọ́n fi kọ ọ́ ò tíì gbẹ. Ó gbé e ka orí tábìlì láàárín àwọn wáyà.

"Kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Dúró. Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Lọ́tùn-ún."

"Níbo lò ń lọ?"

"Lósì..." Ẹnu mi dúró síbẹ̀.

"Níbo ni iwájú wà, Kàmọ́rù?"

Èmi tí mo ti ń ka kéú kí eyín mi tó pé! Òun tó ń kọ́ ọmọ aráyé! Láàárọ̀, bí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù, a bọ́ orí kéú sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà, a dé orí bókò, ọ̀tún wá di iwájú. Inna ò ní ju orí kan lọ. Iwájú rẹ̀ wà lósì, níbi tó ti wà láti ọjọ́ tó ti di wàláà mú.

Ọ̀gá ní, "Ó yẹ ká nàka sósì nígbà náà. Ọwọ́ ọ̀tún ló sì gbọ́dọ̀ nà án. Àyè wà?"

Kò sí àyè fún àmì kan ṣoṣo sí i. Mo wo àwòrán náà títí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé náà sókè, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, mo fi iná gílóòbù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ náà hàn láti ẹ̀yìn ìwé. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó ń nàka sósì.

Àṣìṣe méjèèjì ti ń ti ara wọn lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyípadà kan náà ló tó wọn. Kò gba yàrá tuntun: mo fi yàrá ọ̀tún sípò yàrá òsì, mo sì yí ìlà kọ̀ọ̀kan padà, kí èyí tó wà nígbẹ̀yìn bọ́ síwájú. Bọ́tìnnì rìmóòtù náà, mo pààrọ̀ iṣẹ́ wọn, òsì di síwájú, ọ̀tún di ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ iná ìjọba lọ nígbà tí mò ń kọ ọ́, áísíì náà ṣú lójú, ó kú. Ọ̀gá yọ ẹ̀rọ mìíràn nínú páálí, ó lọ tan jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì dúró tì í lóde bí ẹni tó di okùn àgbò mú.

Inna gba kíkí wa lọ́jọ́ yẹn, kò bi wá nípa ilé. Alhaji wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé rìmóòtù fún un, ó fi òsì ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbé nǹkan fún ọba. Oníwàásí yọ, ó fi Bísímílà bẹ̀rẹ̀, ó kí Ànábì, ó kí àwọn tó wà níbẹ̀. Inna tẹ òsì.

Wáàsí kejì yọ.

Kò wò wá. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ìkẹta yọ. Ó fò wọ́n bí ẹni tó ń ṣí ìwé, ó dé ibi tó ń wá, ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ aládùúgbò, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Àwa náà gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀, a dúró, kò sẹ́ni tó ní ká jókòó. Nígbà tó parí, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó di awò ojú mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ wé ti inú ẹ̀rọ. Ó mi orí.

"To, ó dáa. Ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi."

Alhaji ní, "Inna, ṣé kí n pe ọmọ kan kó bá yín pa á?"

"Ọmọ wo? Ṣé ojú mi fọ́ ni?" Ó tẹ bọ́tìnnì àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀rọ dúró, ó pa á.

Alhaji yíjú sí wa. Kò rẹ́rìn-ín, kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ní, "Malam Jimo, ẹ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù yín. Ọjà ń lọ."

A yí gbogbo ẹ̀rọ náà padà, wọ́n sì tà. Ẹ̀yin àgùnbánirọ̀ nìkan lẹ fi ẹjọ́ wa sùn. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan gbé tirẹ̀ wá, inú ń bí i: "Alfa, ẹ̀rọ yín ń lọ sẹ́yìn o!" Ọ̀gá wò ó láti orí dé bàtà. "Ìwọ lò ń lọ sẹ́yìn. Jókòó, jẹ́ ká yí ẹ padà."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí irinṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n di pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ tí a máa ń fọwọ́ gbá parẹ́. Wáàsí Inna bọ́ sínú fóònù. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kò pe àtúnṣe mọ́, wọ́n ń jù ú nù ni. Nígbà tí ojú mi ṣú, àwọn oní-fóònù gba ṣọ́ọ̀bù náà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú àlàáfíà, mo sì bá wọn fọwọ́ lásán gbé tábìlì irin tí oòrùn ti mú gbóná wọlé. Wọ́n ní Yorùbá yẹn mà lágbára o. Mo ní ìka mi ni.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ ni iṣẹ́ mi parí. Ó ti parí ṣáájú, lọ́jọ́ tí Ọ̀gá ń padà sí Ìlọrin fún ìgbẹ̀yìn ọjọ́ rẹ̀. Mo sìn ín lọ sí gáréèjì. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀: báàgì kan, wàláà kan, áyọ̀ọ̀nù àkọ́kọ́ rẹ̀ tó fi aṣọ wé. Mọ́tò ti fẹ́ gbéra. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù jáde, ó nà án sí mi láti ojú fèrèsé.

Ọwọ́ òsì ni. Ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ó ń wò mí.

Mo na ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo là á. Mi ò pa á dé.

Ọ̀gá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó dún díẹ̀. Àwọn èrò mọ́tò pariwo pé kí ló dé. Irùngbọ̀n Ọ̀gá ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra.

Ó ní, "Ẹyọ kan tó kù nìyẹn."

Awakọ̀ tẹ iná. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọ̀tún mú kọ́kọ́rọ́ náà, nígbà tí mo sì fi gbérí, wọ́n ti lọ.